Orúkọ Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Òwú

Màmá Tínrín ni gbogbo wa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe torí pé ara ẹ̀ tínrín nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, ọ̀gá wa á ní ká tètè ti ilẹ̀kùn kó má baà gbé màmá wa lọ. Ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ ló tínrín. Bó bá ṣẹ́ etí aṣọ tán, o lè yí i síwá, yí i sẹ́yìn, o ò ní rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Aṣọ funfun là ń rán níbẹ̀: aṣọ nọ́ọ̀sì, ẹ̀wù dókítà, aṣọ ìyàwó, aṣọ ọmọ tuntun. Àwa mẹ́rin ni. Ọ̀gá wa obìnrin ló ń gé aṣọ, ìyàwó àbúrò ẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ rán an, Màmá Tínrín ló ń fi ọwọ́ ṣe etí aṣọ àti ojú bọ́tìnnì, èmi ni mò ń fi áyọ́ọ̀nù lọ gbogbo ẹ̀ kó tó jáde. Ìdí nìyẹn tó fi sọ mí ní Áyọ́ọ̀nù. Bí mo bá pẹ́ dé láàárọ̀, á ní, "Áyọ́ọ̀nù, ṣé iná ò tètè mú ẹ lónìí ni?"

Ọdún mọ́kànlá la fi jókòó sí igun kan náà, òun lẹ́bàá fèrèsé, èmi nídìí tábìlì mi. Ẹni tó bá ń lọ aṣọ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ooru kì í jẹ́. Etí ló máa ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀, ẹnu òun fúnra ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sì ní ìwé kan tí mo ń kọ iye aṣọ tí mo bá lọ lójúmọ́ sí. Ibẹ̀ náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹ̀ sí, torí náà ọjọ́ tí mo bá dárúkọ níbí, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àárín ìka ló kọ́kọ́ ń yún un. Ó wá gbẹ bí èèpo igi, ó wá là, ẹ̀jẹ̀ wá ń yọ. Wọ́n ní ọṣẹ ni, ó pa ọṣẹ dà. Wọ́n ní omi ni, ó ń wọ ọ̀rá sọ́wọ́ fọ abọ́. Ẹnì kan ládùúgbò ní kó lọ rántí ẹni tó ṣẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí mo rán bọ́tìnnì ẹ̀ tó já nìkan ni mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀." Nígbà tó yá, ó lọ rí dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ní kì í ràn, kì í sì í lọ pátápátá, àmọ́ ó ṣeé tù lójú. Ó kọ ìpara kan fún un. Túùbù kékeré funfun ni, ó ní ìlà búlúù lẹ́nu. Ó ń fi para lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ọwọ́ ti dì.

Owó ìpara náà ló ga. Túùbù kan ń gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀. Torí náà, bó bá ti ń tán, á fi sísọ́ọ̀sì la ìdí ẹ̀, á ṣí i sílẹ̀ bí ẹni ń la ẹja, á fi ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ńlá ha inú ẹ̀ títí yóò fi mọ́ fóò, lẹ́yìn náà á jù ú nù. Páálí ẹ̀ ni kì í jù nù. Kò sí páálí tó máa kọjá níwájú Màmá Tínrín kó lọ báyẹn. Ti tíì ni o, ti ọṣẹ ni o, ti oògùn ni o, á gé e ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, á gé eyín bíi ti ayùn sí i lápá méjèèjì, á fi ká òwú tó bá ṣẹ́ kù lára aṣọ tó rán tán. Wọ́n kún inú agolo bísíkíìtì kan nílé ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù, ni túùbù tó gbẹ̀yìn tán. Ọkùnrin tó ń tà á fún un ti kó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ sílùú míì. Ìwé tí dókítà kọ, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ló wà. Ọkùnrin náà ti dá a mọ̀, kò béèrè orúkọ ìpara lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ilé ìwòsàn ku ọ̀sẹ̀ méje. Mo bá a pè wọ́n lórí fóònù. Obìnrin tó gbé e ní, "Ọjọ́ tí wọ́n kọ fún wọn ni kí wọ́n wá," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje, mo tẹ́ aṣọ ìyàwó kan sórí tábìlì. Nínú etí ìsàlẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá kàn án, ó di tiẹ̀ nìyẹn, kò ní jáde mọ́. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbójú sókè, Màmá Tínrín ti ń wò mí. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ lè yọ ọ́ kí ọ̀gá tó mọ̀, mo sì ti dìde láti lọ pọnmi. Òun fúnra ẹ̀ ló dìde, ló gbé aṣọ náà lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ wo ohun tí mo ṣe," ó ní.

Ọ̀gá wa wò ó pẹ́. Màmá Tínrín jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ọ̀gá kì í sì í fi ipò bá a sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín." Ó yí ọwọ́ náà padà. "Ó ti tún dé. Ìpara yẹn ńkọ́?"

"Ó tán. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á mọ́."

"Màmá, ọgọ́ta aṣọ nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Funfun ni gbogbo ẹ̀. Mi ò lè kó o fún ọwọ́ yìí. Títí dìgbà yẹn, ẹ máa bá wa ka aṣọ, ẹ máa bá wa ṣa bọ́tìnnì. Bí ọjọ́ yẹn bá wá pé, tí ọwọ́ ò tíì dì..."

Ó ń ká aṣọ ìyàwó náà.

"Ẹ parí ẹ̀," Màmá Tínrín ní. "Abẹ́rẹ́ ti gún mi ju ọ̀rọ̀ lọ."

"Màá ní láti wá ẹlòmíì, Màmá."

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù. Òun nìkan ló ń gbé, ọkọ ẹ̀ ti kú, kò sí ọmọ. Ọwọ́ yẹn ló ń san owó ilé, ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ ẹnu. Kò sunkún. Ó padà síbi fèrèsé, ó ń to bọ́tìnnì ní méjìlá-méjìlá.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a jáde lọ wá ìpara náà. Ilé ìtajà oògùn tá a kọ́kọ́ wọ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà níbẹ̀.

"Túùbù ẹ̀ funfun, ọmọ mi, ó ní ìlà búlúù lẹ́nu," Màmá Tínrín ní.

"Màmá, túùbù funfun onílà búlúù pọ̀ ju irun orí mi lọ. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Mi ò kàwé. Ojú ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kó mẹ́fà sílẹ̀ níwájú wa. Màmá Tínrín wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jẹ́ ọṣẹ ìfọyín. "Èyí ò ní pa ọwọ́ mi lára," ó ní, "á kàn máa rẹ́rìn-ín ni." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ibi kejì náà ò yàtọ̀.

Ibi kẹta, bàbá apòògùn kan ló wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀, tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó gbọ́ wa títí dópin, kò já lu ọ̀rọ̀. Ó wá ní ká jókòó.

"Ẹ gbọ́, Màmá. Orúkọ méjì ni oògùn kọ̀ọ̀kan ní, bí èèyàn tó ní orúkọ àbísọ àti ìnagijẹ. Ìnagijẹ ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síwájú páálí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fún un. Orúkọ àbísọ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ kékeré. Bí ẹ bá lè mú orúkọ kékeré yẹn wá, màá mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ míì ń ṣe é. Oògùn kan náà ni yóò jẹ́, ìnagijẹ ló máa yàtọ̀. Owó ẹ̀ á sì wálẹ̀ gan-an."

Ojú Màmá Tínrín yí padà nígbà tó gbọ́ pé owó á wálẹ̀.

"Bàbá, èmi kì í ra oògùn olówó pọ́ọ́kú."

"Ẹ mú orúkọ wá ná. Rírà kọ́ nìyẹn. Túùbù ẹ̀ dà?"

"Mo ti là á, mo ti jù ú nù."

"Páálí ńkọ́?"

Ó wò mí. "Páálí wà," ó ní. "Òwú ló wà lórí ẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo lọ sílé ẹ̀. Yàrá kan ni, bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, tábìlì kékeré tó fi aṣọ funfun bò. Ó da agolo bísíkíìtì sórí aṣọ náà. Mo ka páálí òwú tó wà níbẹ̀: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ti ká òwú bo gbogbo wọn láti eyín dé eyín, kò sí èyí tí o lè rí lẹ́tà kan lára ẹ̀. Kò rántí èyí tó jẹ́ ti ìpara.

"Na ọwọ́ méjèèjì," ó ní.

Mo na ọwọ́, ó ń tú òwú láti ara páálí sára ọwọ́ mi. Bó bá tú u dé ìdí, màá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, á tún ká a padà kó tó mú òmíì. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, àmọ́ mo lè pe lẹ́tà. Tíì. Ọṣẹ. Tíì. Bọ́tìnnì. Tíì.

"Màmá, ẹ mà ń mu tíì o."

"Na ọwọ́ dáadáa, Áyọ́ọ̀nù. Èmi kọ́ ni mo mu gbogbo ẹ̀. Ọkọ mi mu tiẹ̀ lọ sọ́run."

Bó ṣe ń tú u ló ń sọ aṣọ tí òwú náà ti wá. Funfun tó dán yìí, aṣọ ìyàwó obìnrin kan tó sanra láàárín ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti ìgbà tó ṣègbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú u. Dúdú yìí, aṣọ tí òun fúnra ẹ̀ fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ ẹ̀. Àwọ̀ ewé yìí, ti ọ̀gá wa, nígbà tí ọ̀gá wa ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé ṣé òun ló kọ́ ọ̀gá níṣẹ́ lóòótọ́. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n gé jù mí lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gé ló máa ń di ọ̀gá."

A bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ààbọ̀. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, a ti tú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn ti ìpara tó wà níbẹ̀, ibi tí kò sí orúkọ ló gé lára wọn. Ọ̀kan ló kù lórí aṣọ náà. Òwú yẹ́lò ni.

"Ìyẹn kọ́," ó ní. "Òwú àtijọ́ ni."

"Òwú ló jẹ́ àtijọ́, Màmá. Páálí ẹ̀ tuntun. Ẹ wo eyín ẹ̀, ó funfun."

Ó gbé e sórí itan ẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa á lára.

"Páálí tí mo ká a sí tẹ́lẹ̀ jẹrà lọ́dún tó kọjá. Mo yí i sórí òmíì. Mi ò wo èyí tí mo mú."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ọdún mọ́kànlá, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà pé ọmọ ọdún méje, Màmá Tínrín ń rán aṣọ yẹ́lò kan fún un. Ó ti rán an tán, etí ìsàlẹ̀ ló kù. Ibà mú ọmọ náà. Owó ò sí lọ́wọ́, ọkọ ẹ̀ bá lọ ra oògùn lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gbé e kiri nínú àwo. Páálí ẹ̀ jọ ti ilé ìwòsàn, kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n lò ó bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, dókítà fọ́ ọ̀kan nínú oògùn náà sí àárín ìka, ó ní ẹfun ni.

"Mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́," Màmá Tínrín ní. "Ó máa ń sùn tó bá ti lò ó. Mi ò mọ̀ pé àárẹ̀ ni. Aṣọ yẹn náà la fi sin ín, mi ò ṣẹ́ etí ẹ̀."

Òwú tó yẹ kó fi ṣẹ́ etí aṣọ ọmọ náà nìyẹn. Ọdún méjìlélógún ló ti wà nínú agolo.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Na ọwọ́ ẹ," ó ní.

Mo nà á. Ó ń tú u jẹ́jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìka tí kò là ló fi ń mú un, kí ẹ̀jẹ̀ má baà kan án. Mo ń kà á nínú ara mi, torí mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe. Igba ó lé méjìlá ló yí. Lábẹ́ ẹ̀, ìlà búlúù yọ. Lábẹ́ ìlà búlúù, orúkọ kan wà tó kéré bí èèrà. Lẹ́yìn orúkọ náà, òdo kan, àmì kan bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún, àti oókan. Ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi, ó so ó mọ́ ọrùn ìgò kan tó mọ́, ó gbé e sórí tábìlì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá, a padà lọ sọ́dọ̀ apòògùn. Ó gbé awò sójú, ó wo páálí náà.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ó wà?"

"Ó wà. Ilé iṣẹ́ méjì míì ló ń ṣe é. Ẹ pín owó tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ sí mẹ́rin, ìdá kan ni ẹ máa san."

Ó ní kí obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ mú un wá. Páálí aláwọ̀ ewé ló gbé dé. Màmá Tínrín ò mú owó jáde. Ó fi páálí tiẹ̀ lé ti tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe máa ń fi aṣọ lé orí àwòṣe, ó ń fi èékánná lọ láti lẹ́tà kan sí òmíì. Kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́, àmọ́ ó mọ̀ bí ọ̀kan bá jọ èkejì. Ó dé ìparí orúkọ, ó dọ́gba. Ó dé ibi nọ́ńbà, ó dúró. Nọ́ńbà ni kò fi ṣeré, téèpù ìwọnṣọ ló ti kọ́ ọ.

"Èyí ní òdo méjì," ó ní. "Lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹẹ́ta. Tèmi, òdo kan ni, pẹ̀lú oókan."

Apòògùn gbà á, ó wò ó. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Èyí tí agbára ẹ̀ kéré ni wọ́n mú wá, èyí tí wọ́n ń lò fún ọmọdé. Èmi ló yẹ kí n wò ó, mi ò wò ó." Òun fúnra ẹ̀ ló lọ mú òmíì. Èyí dọ́gba dé ìdí.

Síbẹ̀, Màmá Tínrín ò dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Oògùn tí wọ́n bá fi ẹfun ṣe, ṣé ó máa ń ní orúkọ kékeré yẹn náà?"

Ẹ̀rù bà mí pé apòògùn máa purọ́ láti tù ú nínú. Kò purọ́.

"Ó máa ń ní in. Ẹni tó ń parọ́ kì í gbàgbé láti kọ orúkọ."

"Ká ní mo tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kà nígbà náà, ǹ bá ṣì rà á."

"Ẹ ì bá ṣì rà á. Èmi náà ì bá rà á, ká ní páálí nìkan ni mo wò." Ó yọ awò ojú ẹ̀. "Ibi tí oògùn ti wá ni èèyàn máa ń wò. Èyí, mo mọ ẹni tó kó o fún mi, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ mi ò ní kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Bí ẹ bá ra aṣọ tuntun, tí ẹ ò mọ̀ bóyá ó máa ṣí, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá fọ igun kan ná."

"Ẹ fọ igun kan. Ẹ fi pa ọwọ́ kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e padà wá bó ṣe wà, màá gbà á."

Ó sanwó. Ọwọ́ òsì tó fi ń di aṣọ mú ló fi pa. Èmi ni mò ń wò ó láràárọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ kẹta, kò sí ìyàtọ̀. Ó ń ṣa bọ́tìnnì lọ. Ọjọ́ karùn-ún, ó ní òsì ò yún òun mọ́. Ọjọ́ kẹjọ, ojú ibi tó là lọ́wọ́ òsì ti pa, ọ̀tún ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó gbé méjèèjì sórí tábìlì mi, ọ̀kan bíi ti ọmọ, ọ̀kan bí èèpo igi, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíì.

"Kì í ṣe ẹfun," ó ní.

Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ọ̀tún. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù, ọ̀tún náà dì.

Ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e, aṣọ nọ́ọ̀sì dé, ọgọ́ta géérégé. Ọ̀gá wa gé ègé aṣọ funfun kan, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú." Màmá Tínrín na ọwọ́, ọ̀gá fi aṣọ náà tẹ àárín ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀. Ó lọ gbé aṣọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ wá, ó kó o sórí itan Màmá Tínrín, ó sì fi ọwọ́ kan èjìká ẹ̀ kó tó padà sídìí iṣẹ́.

Àìsàn náà ò lọ. Dókítà ti sọ pé kì í lọ. Àmọ́ nígbà tí túùbù tuntun yẹn tán, kò fi sísọ́ọ̀sì la ìdí ẹ̀, ó lọ ra òmíì.

Páálí ẹ̀ ló gé. Ó mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò pọ̀, pẹ̀lú ìgò tó so òwú yẹ́lò mọ́. Ó ní kí n na ọwọ́. Ó ń ká òwú náà láti ọwọ́ mi sórí páálí tuntun, ìwọ̀n ìka mẹ́ta bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ apá kan ló ká a sí. Ibi tí orúkọ kékeré wà, kò bò ó.

"Màmá, ẹ ò ká a dé etí."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹni tó bá tún ń wá a, kó má tún tú òwú ọmọ mi."

Mo bá a kà á bó ṣe ń yí i. Igba ó lé méjìlá. Ó pé.